Nawọ́sókè Lọ sí Gbàǹjo Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó la ẹnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀. Ẹni tí orí bá ń yún, kó yára họ ọ́ báyìí, kó sì dá ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Ọwọ́ tí kò mọ àyè ara rẹ̀ ló dá ìtàn yìí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ lọ́la pé èmi ni mo kọ́ òun.

Ọkùnrin kan ni wọ́n fi ṣe Adelé Olùdarí ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ti ń fi irin rọ ohun tó bá kán lára ẹ̀rọ àwọn ará ìlú: irin ẹ̀rọ omi, eyín ẹ̀rọ ìlọta, ìdè géètì, ohunkóhun tí a bá wá lọ́jà tí a ò rí. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí adelé ń jẹ́. Adelé ni ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn ṣọ́ àga kí adìẹ má baà ṣu sí i. Ọ̀gá yìí kò ṣọ́ àga o. Ó jókòó sí i, ó fẹ̀yìn tì, ó ní kí wọ́n wá tìmùtìmù sí òun nídìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ lóyè. Adelé Olùdarí Pátápátá. Òpó-Mú-Ilé-Ró. A-bá-ẹ̀rọ-sọ̀rọ̀-kí-ẹ̀rọ-dákẹ́. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìtẹríba, ló hun èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀rọ tó bá dákẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ọ̀gá bá ti kẹ̀yìn, Nawọ́sókè ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Òfin ló ṣe fún wọn. Níbikíbi tí òun bá ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ìbáà ṣe níbi ìpàdé, ìbáà ṣe lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ na tiwọn, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kí tòun tó sọ̀. Akọ̀wé a máa na méjèèjì. Ẹ ó rí jórinjórin tó gbé iná dání lọ́wọ́ kan, tí ọwọ́ kejì wà lókè, tí òógùn ń kán sílẹ̀ láti abíyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá kò ní í wò wọ́n. Kì í bojú wẹ̀yìn láéláé. Ó ní, "Ẹni kékeré ló ń wẹ̀yìn. Èmi, ẹ̀yìn ni kó máa wò mí."

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni òfin yẹn kò mú. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbàgbé ara rẹ̀, ó nawọ́ sókè nídìí oúnjẹ. Ìyàwó wo ọwọ́, ó wo ojú ẹni tó nawọ́.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ gbàyè lọ tọ̀ ni? Ẹ máa lọ, mo ti gbà yín láyè."

Ọ̀gá bínú títí, kò jẹ ẹran. Ìyàwó bá a jẹ ẹ́.

Ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta ló wà nínú ọgbà náà nígbà tí ọ̀gá dé. Ọ̀kan ń yí irin kí ọ̀bẹ lè máa ha á, ọ̀kan ń dá ihò sí irin lára, ọ̀kan sì ń gé e. Wọ́n ti dàgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbà tó ń jẹun fúnra rẹ̀ ni wọ́n. Obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ ló wà nídìí èyí tí ń yí irin. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ló ti tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, á nu ún, bó bá ya aláìgbọràn, á bú u dé ìdílé. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ṣe sí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí? Ó há àwo idẹ mọ́ wọn níwájú orí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ sára idẹ náà rèé, ẹ má rẹ́rìn-ín o: Ẹ̀RỌ YÌÍ Ń MÍ NÍTORÍ PÉ ADELÉ OLÙDARÍ PÁTÁPÁTÁ Ń MÍ.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní àlejò pàtàkì kan máa gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ọ̀gá yọ sí iṣẹ́ lójijì, ó wo àwọn ẹ̀rọ, ó fọwọ́ dí imú.

"Èmi, kí n dúró níwájú àlejò, kí àwọn arúgbó yìí sì máa kùn lẹ́yìn mi? Ẹ kó wọn dànù! Ẹ to ìkòkò òdòdó síbẹ̀!"

"Ọ̀gá," Ìyá Ẹlẹ́rọ ní, "kí la ó wá máa fi ṣiṣẹ́?"

"Ẹwà! Ẹwà lẹ ó máa fi ṣiṣẹ́!"

Ó nawọ́ sókè, gbogbo wọn nawọ́ sókè. Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù wá kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti àwo idẹ níwájú orí wọn, ọ̀gá tún sọ̀rọ̀ gbọọrọ fún un láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rọ tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé ẹnu géètì, ó ń fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú. Ní ti àlejò, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sùn nínú mọ́tò nígbà tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà. Alága wọn, ìyá àgbà kan tí kì í fọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n, ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé: "A gbọ́ pé òdòdó lẹ ń fi gé irin níbẹ̀ yẹn. Owó ọdún yìí rèé, owó òrùlé àti ti irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ sílé. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tá a bá dé, Adelé á di Olùdarí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó ti ilé-iṣẹ́ yẹn pa, kálukú á sì wábi gbà."

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín: ọ̀gá kò sun oorun. Ó fẹ́ àga yẹn ju bó ṣe fẹ́ ẹ̀mí lọ. Ó dìde lórí ibùsùn, ó lọ síwájú dígí, ó pe ara rẹ̀ ní "Olùdarí" láìfi Adelé kún un. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó tún un pè.

Owó kò tó ra ẹ̀rọ tuntun. Akọ̀wé ló gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lu ẹ̀rọ àlòkù ní gbàǹjo, ẹ̀rọ tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun, tó ń dán yinrin. Ọ̀gá gbé aṣọ tó le jù wọ̀. Ó kó ìdajì òṣìṣẹ́ sínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, pé ẹni ńlá kì í dá rìn.

Gọ̀bì ni gbọ̀ngán gbàǹjo náà: òrùlé páànù, àga oníke, ooru, òórùn epo àtijọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ rajà ní páálí tó ní nọ́ńbà, tí yóò so mọ́ ọrùn.

"Nọ́ńbà mélòó lẹ fẹ́?" ni ẹni tó ń pín in bi wọ́n.

"Gbogbo wa!" Akọ̀wé dáhùn. "Ṣé kí Òpó-Mú-Ilé-Ró so oyè mọ́ ọrùn, kí ọrùn àwọn èèyàn rẹ̀ wá ṣófo?"

Bí gbogbo wọn ṣe gba nọ́ńbà nìyẹn o, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ọ̀gá jókòó síwájú pátápátá. Ó ní, "Ẹ fọ́n ká sí ẹ̀yìn. Ibi yòówù tí wọ́n bá yíjú sí nínú ilé yìí, kí wọ́n rí èèyàn mi." Wọ́n fọ́n ká bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀. Awakọ̀ ọ̀gá nìkan ló dúró síta, ó ń ṣọ́ mọ́tò.

Onígbàǹjo gorí pẹpẹ pẹ̀lú òòlù onígi. Ẹnu ọkùnrin náà yá ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ mẹ́ta, àpapọ̀ ni! Ọwọ́ tó bá lọ sókè, ó ti fowó kún un. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé eṣinṣin lòun ń lé o! Ọjà tá a bá sì ti lu òòlù sí, kò sí ìdápadà!"

Ó dá iye kan. Oníṣòwò irin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nawọ́. Ọ̀gá wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè, gbangba, bó ṣe máa ń nà án.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n jọ òpùrọ́: gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ló nawọ́. Akọ̀wé na méjì.

"Mo rí i níwájú!" onígbàǹjo kígbe. "Mo rí i lẹ́yìn! Mo rí i lọ́tùn-ún! Ẹni tó nawọ́ méjì, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ! Lẹ́yìn ló ń lọ, lẹ́yìn ló ń lọ!"

Oníṣòwò irin wẹ̀yìn, ó rí igbó ọwọ́, ó ki tirẹ̀ bọ àpò. "Àwọn wèrè ló wà níbí lónìí," ó wí, ó sì dìde, ó lọ ra omi tútù.

Ọ̀gá gbọ́ "lẹ́yìn ló ń lọ." Ọkàn rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn? Ta ni alápá-má-ṣiṣẹ́ tó wà lẹ́yìn òun tó ń bá òun du ẹ̀rọ? Ìbá yí ọrùn díẹ̀ báyìí, ìbá ti rí i. Ṣùgbọ́n ṣé Nawọ́sókè á wẹ̀yìn? Ó gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó tún nà án sókè, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé tiwọn sílẹ̀, wọ́n tún nà án. Owó ń gòkè. Onígbàǹjo ń jó lórí pẹpẹ.

"Níwájú! Lẹ́yìn! Níwájú! Lẹ́yìn! Áà, gbàǹjo dùn!"

"Ọ̀tá mi ni," ọ̀gá ń sọ nínú ara rẹ̀. "Ẹnì kan ló rán wọn sí mi. Wọn ò fẹ́ kí n di Olùdarí. Wọn á rí i!"

Jórinjórin, níbi tó wà lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó fi ìgúnpá gbá akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Akọ̀wé, ó dà bíi pé àwa là ń bá ọ̀gá jà o."

"Ẹnu rẹ ni kóo gbé sílẹ̀," akọ̀wé fèsì, òógùn ti bò ó, "má gbé ọwọ́ rẹ sílẹ̀."

Apá ń ro ọ̀gá. Ó fò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, ó sì fi gbogbo agbára kígbe pé, "Gbogbo owó ilé-iṣẹ́ wa! Gbogbo rẹ̀ pátá! Kí ẹni tó wà lẹ́yìn wá rí bí ọkùnrin ṣe ń náwó!"

Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ọ̀gá ti wà ní ìbàdí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òfin kan wà fún ìyẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ náà fọwọ́ mú ìbàdí. Kò sí ọwọ́ kankan lókè mọ́. Gbàgà! Òòlù balẹ̀.

"Ó ti lọ o! Ti bàbá tó wà níwájú ni!"

Nínú mọ́tò, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. "Awakọ̀, ṣé o rí ọ̀tá mi nígbà tí wọ́n ń jáde? Irú èèyàn wo ni?"

Awakọ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu oníṣòwò irin, tó dúró síta tó ń mu omi, tó ń fẹ̀rín pa ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, kò sí ọ̀tá kankan o. Àwọn èèyàn yín náà ni. Bí ẹ bá ti nawọ́, àwọn náà á nawọ́. Oníṣòwò ti kọwọ́ bọ àpò látìgbà pípẹ́."

Ọ̀gá bú awakọ̀, ó bú ooru, ó bú ẹni tó dá gbàǹjo sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé, kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi ní kí akọ̀wé kọ òfin tuntun, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà: LÁTI ÒNÍ LỌ, ẸNI TÓ BÁ TÚN NAWỌ́ SÓKÈ LẸ́YÌN MI, NÍTORÍ OHUN YÒÓWÙ KÓ JẸ́, Ó TI FI IṢẸ́ SÍLẸ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà nílé. Ó fọwọ́ gbá itan.

"Bàbá ọmọ mi, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé o. Kí ló ṣe yín tẹ́ ò kàn wẹ̀yìn?"

"Ìwọ kò lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ kì í ṣe ẹni ńlá."

"Òótọ́ ni," ìyàwó ní. "Mo sì dúpẹ́."

Àwọn ẹ̀rọ dé. Ọ̀dà tuntun wọn ń kọ mànà. Bí wọ́n ṣe ń já wọn kalẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́rọ súnmọ́ èyí tí ń yí irin. Ó fọwọ́ pa á lára, ó yí i díẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ là.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ alárìnkiri yìí! Ibo lo wà látìjọ́ yìí tóo lọ kun àtíkè bọ̀?" Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ rà yìí o…"

"Ta ló bi ọ́?" ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. "Ẹ̀rọ tí èmi fi ẹ̀jẹ̀ jà fún, ìwọ lo fẹ́ dárúkọ àléébù rẹ̀?"

"Kò ní àléébù, sà. Mo kàn fẹ́ sọ pé…"

"Má sọ ọ́!"

Ìyá Ẹlẹ́rọ bu epo sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, iṣẹ́ ti padà dé, ìyẹn sì tó o.

Ọjọ́ tí Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ pé. Wọ́n ta aṣọ sókè fún ìbòòji, wọ́n to àga. Ìyàwó ọ̀gá jókòó láàárín àwọn àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́yìn ọ̀gá, ọwọ́ wọn wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin. Akọ̀wé ka oríkì títí tí Alága fi ní, "Ọmọ mi, sinmi. Ẹ̀rọ ni mo wá wò."

Ìyá Ẹlẹ́rọ tan ẹ̀rọ. Ó dún fùúù. Irin ń yí, ọ̀bẹ ń ha á, èérún irin ń ká jáde wínníwínní. Alága mú irin tó jáde náà, ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó mi orí.

"Ó dára. Ó dára púpọ̀. Ẹ gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, bí ọkùnrin yìí bá jókòó jẹ́ẹ́ níbí yìí, ó ti di Olùdarí. Kó ṣáà jókòó! Ṣùgbọ́n ara kì í gbà fún un.

"Alága, ẹ dúró dè mí díẹ̀," ó ní. Ó fa àwo idẹ tuntun yọ láti inú àpò. Èyí ò tilẹ̀ ní Adelé nínú mọ́: Ẹ̀RỌ YÌÍ Ń MÍ NÍTORÍ PÉ OLÙDARÍ PÁTÁPÁTÁ Ń MÍ. "Jórinjórin! Há a mọ́ ọn níwájú orí, kí àwọn àgbà fojú rí i!"

Jórinjórin gbé àwo náà lé iwájú orí ẹ̀rọ. Àwo náà kò lẹ̀ dáadáa. Jórinjórin fọwọ́ kan ibẹ̀, ó rò ó.

"Ọ̀gá, nǹkan kan ti wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà."

"Ha á kúrò!"

"Ọ̀gá, bóyá kí a kúkú…"

"Mo ní kí o ha á kúrò! Kí ni yóò wà níbi tí orúkọ mi máa wà?"

Jórinjórin mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà. Ọ̀dà tuntun ń ṣí, idẹ ń yọ. Alága wọ gíláàsì ojú, ó súnmọ́ ọn, ó kà á sókè, kò yára, kò sì fo ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó dé ibi "Adelé Olùdarí Pátápátá," ẹnì kan nínú Ìgbìmọ̀ pòṣé. Wọ́n ha ti ẹ̀rọ kejì. Ohun kan náà ni. Wọ́n ha ti ẹ̀kẹta.

"Adelé," Alága ní, "ṣé ẹ̀rọ tí ìwọ fúnra rẹ kó dànù lọ́fẹ̀ẹ́ lo tún lọ fi gbogbo owó wa rà padà?"

Ọ̀gá rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́.

"Alága wa ọ̀wọ́n, n kò kó wọn dànù. Mo… mo rán wọn lọ ìrìn-àjò ni. Kí ojú wọn lè là. Ẹ sì rí i báyìí pé ìwà wọn ti yàtọ̀!"

Alága wo àwọn tó tò sẹ́yìn ọ̀gá.

"Ìyá tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ yìí ò ní í tì. Ní ti àga rẹ, èmi nìkan kọ́ ni n ó dá a. Àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkùnrin yìí di Olùdarí yín, kó nawọ́ sókè."

Ọkàn ọ̀gá balẹ̀ wọ̀ọ̀. Nawọ́ kẹ̀? Ṣé ìyẹn nìkan ni wọ́n ń bèèrè? Láti fi ọ̀nà hàn wọ́n, ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè, gbangba, ó gbé àyà síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń dún wàrà-wàrà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń lọ sókè. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ aṣọ ìbòòji.

"Adelé, wẹ̀yìn," Alága ní.

"Alága, èmi kì í wẹ̀yìn. Mo mọ̀ wọ́n."

"Mo ní kí o wẹ̀yìn."

Ó wẹ̀yìn. Ọrùn tí kò tíì yí bẹ́ẹ̀ rí dún kẹ́ẹ́.

Ọwọ́ jórinjórin wà nínú àpò. Ọwọ́ awakọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rọ gbé tirẹ̀ lé ẹ̀rọ lórí, ó ń kọrin lábẹ́nu. Akọ̀wé fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú gírígírí kó má baà gòkè lọ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu nàka sí òfin tó wà lára ògiri. Ṣé òfin ni wọ́n ń pa mọ́, àbí ohun tó wà nínú wọn nìyẹn? Ẹ má bi mí o. Èmi kò nawọ́, n kò sì dáhùn.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lókè nínú gbogbo ọgbà, ti ọ̀gá ni. Ó fẹ́ gbé e sílẹ̀, kò mọ bó ṣe máa ṣe é lójú gbogbo èèyàn. Ó yà á lẹ́nu. Ó dùn ún. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ọmọdé tí ẹkún ń gbọ̀n.

Alága wo ọwọ́ náà, kò mọ ohun tó ń bèèrè.

"Kí ni? Ṣé o fẹ́ jáde ni? Ó dáa, máa lọ. A ti gbà ọ́ láyè."

Láàárín àwọn àlejò, ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá jáde lọ tòun ti ọwọ́ lókè. Nígbà tó dé ẹnu géètì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí gbé e sílẹ̀.